Èmi Ni Mo Fún Mílíìkì Ní Ẹran Iléyá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ mi. Ẹ máa pè mí ní Ìyá Eléso, torí èso àti kárọ́ọ̀tì ni mò ń tà ní Mowe. Ọdún mẹ́rin ni nǹkan kan ti ń jẹ mí nínú. N ò sọ ọ́ fún páásítọ̀ mi, n ò sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí. Èmi tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi! Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n ń retí mi ní Ifo pé kí n wá jẹ́rìí sí ìwà èèyàn kan, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ba orúkọ ẹni náà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ajá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi náà sọ fún ara mi nígbà kan pé ajá lásán ni.

Màmá onílé wa ló ni ajá náà. Opó ni Màmá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin, èmi ni akọ̀wé wọn. Nígbà tí ọkọ mi kú, Màmá ló ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnu ọ̀nà mi láràárọ̀, tí wọ́n á dúró tì mí títí màá fi jẹ ẹ́ tán. Wọn kì í ṣe onílé fún mi, ìyá ni wọ́n.

Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo ló fi ajá náà sílẹ̀ fún wọn kó tó lọ sí Kánádà. Ajá kékeré onírun gígùn, funfun báláú. Mílíìkì lorúkọ rẹ̀. Màmá máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Mílíìkì, ẹ̀gbọ́n ẹ ò tíì pè wá lónìí o." Mílíìkì á sì gbójú sókè, á máa wò wọ́n lẹ́nu.

Ìpápánu ni ìṣòro Mílíìkì. Màmá ń fún un ní bisikíìtì, búrẹ́dì, púfúpúfú, gbogbo ohun tí àwọn fúnra wọn bá ń jẹ. Ó sanra títí kò fi lè gun àtẹ̀gùn mọ́, inú rẹ̀ sì máa ń run ún. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Ibafo, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ, torí ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Dókítà ń sọ, èmi ń kọ. Kárọ́ọ̀tì tí a gé wẹ́wẹ́. Kùkúńbà. Wọ́tàmẹ́lọ̀n tí a ti yọ kóró inú ẹ̀. Ọ̀dùnkún síse. Ẹran adìẹ tí a fi omi lásán sè, láìsí iyọ̀, láìsí mágí. Ní abẹ́ ẹ̀, mo kọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu: ṣokoléètì, gíréèpù, aáyù, àlùbọ́sà, àti egungun tí iná ti kàn, yálà sísè ni tàbí dídín. Dókítà ní kí n fa ìlà sábẹ́ àlùbọ́sà àti egungun. Mo fa ìlà méjì méjì sábẹ́ wọn. A lẹ ìwé náà mọ́ ara firíìjì Màmá. Ìwé ọwọ́ mi ni o. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nílé yẹn.

Àmọ́ mo máa ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní, "Màmá, ajá tó ń jẹ kárọ́ọ̀tì! Ajá ìyá mi l'Abẹ́òkúta, eegun ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ó gbó kó tó kú."

Màmá á ní, "Ajá ìyá ẹ kọ́ nìyí. Tiẹ̀ kéré nínú."

Màá rẹ́rìn-ín, màá lọ gé kárọ́ọ̀tì. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń rà á, èmi náà sì máa ń gé e fún un. Tí Mílíìkì bá ti gbọ́ kọ́kọ́kọ́ ọ̀bẹ lórí pákó mi, ibi yòówù kó wà nínú ọgbà, á sáré dé. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lórí símẹ́ńtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìró yẹn, torí mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹlòmíràn tó wà nílé náà ni Bàbá Sìmíátù. Télọ̀ ni wọ́n, àwọn náà ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kékeré ẹ̀yìn ilé wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ohùn wọn lókè. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ náà, ni Mílíìkì bá lọ fi ahọ́n lá ẹnu búútà wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ajá bá fẹnu kan nǹkan Mùsùlùmí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìgbà méje ni wọ́n fọ búútà náà, tí wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Wọ́n wá sọ ọ́ sókè tí gbogbo ilé gbọ́: "Tí ajá yìí bá tún fẹnu kan búútà mi, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni!" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bẹ Màmá, ó parí. A jọ ń bá ayé lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹran Iléyá. Nínú ìjọ wa, wọ́n ní kí a má jẹ ẹ́. Ìgbà tí Iléyá bá ń bọ̀, èmi akọ̀wé ni mò ń dìde lọ́jọ́ Sọ́ńdè láti ka ìkìlọ̀ náà sétí àwọn obìnrin. Ìyàwó Bàbá Sìmíátù máa ń fún gbogbo ilé ní ẹran. Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní "Ẹ ṣé, ọdún á yabo," á sì dá tiwọn padà. Èmi ńkọ́? Ọdọọdún ni mò ń gbà á. Ọdọọdún ni mò ń tilẹ̀kùn jẹ ẹ́. Bàbá Sìmíátù mọ̀. Wọn ò bú mi rí. Wọ́n á fi ègé aṣọ láti ṣọ́ọ̀bù wọn bo abọ́ náà, wọ́n á gbé e gba ẹ̀yìnkùlé wá fúnra wọn kí ẹnikẹ́ni má rí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Ìyá Eléso, aṣọ yín tí mo bá yín rán rèé o."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Màmá wà ní Kámpù ìjọ wa fún ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì nígbà Iléyá. Wọ́n fi Mílíìkì sílẹ̀ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ni wọ́n ń nawọ́ sí mi: "Ohun tó wà lára firíìjì nìkan o!" Mo ní, "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Ọ̀sán Iléyá, Bàbá Sìmíátù gbé abọ́ wá. Ìhà àgbò ni, wọ́n dín in, wọ́n wá fi ata àti àlùbọ́sà rẹpẹtẹ yí i. Mo tilẹ̀kùn, mo jókòó, mo ń jẹ. Mílíìkì jókòó síwájú mi. Kò gbó, kò fò mọ́ mi. Ó kàn ń wò mí. Mo ju kárọ́ọ̀tì sí i, ó gbóòórùn ẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó tún ń wò mí. Mo ní, "Ìwọ náà fẹ́ ṣọdún?" Mo fún un ní ẹran pẹ̀lú àlùbọ́sà tó wà lára ẹ̀. Ó lá ọwọ́ mi mọ́. Mo fún un ní èkejì. Mo wá fún un ní eegun ìhà, méjì tàbí mẹ́ta, kéékèèké. Mo gbọ́ bó ṣe ń fọ́ ọ lẹ́nu kẹ́kẹ́. Mo rántí ohun tí mo kọ. Ẹ jọ̀ọ́, n ò lè purọ́ fún yín, mo rántí. Mo kàn sọ fún ara mi pé ajá wo ni eegun pa rí nílẹ̀ Yorùbá?

Ìgbà tí Màmá dé lọ́jọ́ kejì, Mílíìkì ò lè dìde. Ó bì. Màmá tẹjú mọ́ èébì náà títí, wọ́n ní, "Ẹran nìyí. Ẹran Iléyá ni. Ta ló fún un?" Mo sáré lọ pe ọkọ̀. A gbé e lọ sí Ibafo. Orí itan mi ló wà nínú ọkọ̀, ó ń gbọ̀n.

Dókítà tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ké. Dókítà wá kọjú sí wa, ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi o. Tó bá jẹ́ eegun ló gbé mì, mo gbọ́dọ̀ la inú ẹ̀ lónìí. Tó bá jẹ́ májèlé ni, ọ̀nà míì la máa gbà. Kí ló jẹ?"

Màmá wò mí. "Ìyá Eléso, kí lo fún un?"

Mo ní, "Kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún ni, Màmá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Mo rò ó pé tí mo bá sọ pé eegun ni, wọ́n á bi mí pé níbo lo ti rí eegun Iléyá. Màmá á mọ̀ pé ohun tí mò ń kà fún àwọn obìnrin, èmi fúnra mi kì í pa á mọ́. Ìtìjú ni mò ń sá fún. Mo fi ẹ̀mí ajá náà ra iyì ara mi.

Màmá wá ní, "Bàbá Sìmíátù ni. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó ti fi nǹkan sínú ẹran fún un. Ìyá Eléso, ṣé o rí i kó sún mọ́ ọ̀dọ̀ ajá yìí?"

Mo ní, "Wọ́n kọjá níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Wọ́n kọjá níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú abọ́ ẹran mi lọ́wọ́ wọn.

Dókítà fún Mílíìkì ní abẹ́rẹ́ fún májèlé. Kò là á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó kú sórí itan Màmá. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ nídìí igi àgbálùmọ̀ tó wà nínú ọgbà. Kí a tó dá erùpẹ̀ bò ó, Màmá ní kí n lọ gé kárọ́ọ̀tì kan wá. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ." Mo gé e wẹ́wẹ́. Mo tò ó sí ẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ tiẹ̀ ro bí ọwọ́ mi ṣe rí.

Màmá pe Bàbá Sìmíátù síta lójú gbogbo ilé. Wọ́n ní, "Wọ́n rí ẹ! O fún ajá mi ní májèlé jẹ. Kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi." Bàbá Sìmíátù ní, "Wàláhì, Màmá, n ò fún un ní nǹkan kan. Ta ló rí mi?" Màmá ò dárúkọ. Bàbá Sìmíátù wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ojú wọn dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró díẹ̀. Wọ́n lè sọ ọ́ nígbà náà pé, "Mo gbé ẹran fún Ìyá Eléso, ẹ bi í." Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ti bá mi bò ó láti ọdún pípẹ́, wọn ò sì tú u. Mo gbójú wálẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti kó lọ sí Ifo, tàwọn ti ìyàwó wọn àti Sìmíátù, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n dì mọ́ orí ọkọ̀.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, adìẹ bà lókùn ni. N ò lè gé kárọ́ọ̀tì mọ́. Bí mo bá ti fi ọ̀bẹ kan pákó, màá gbọ́ ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ lẹ́yìn mi lórí símẹ́ńtì, ní ọ̀sán gangan, láàárín ọjà. Màá yíjú wò, kò ní sí nǹkan kan. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé, "Ìyá, kí lẹ ń wò?" Mo ti sọ pé ọwọ́ ń dùn mí, ọmọ mi ló ń bá mi gé e báyìí. Ó ti ń ṣe mí bíi pé mò ń ya wèrè.

Ohun tó ń dá egbò sí mi lára jù ni pé gbogbo Iléyá, Bàbá Sìmíátù ṣì ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi láti Ifo. Sìmíátù ló máa ń gbé e wá, ègé aṣọ sì máa ń wà lórí abọ́ náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Dádì mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ ò bá wọn pe àwọn ní apajá nínú ilé yẹn." N ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀. N ò mọ̀ bóyá ìdúpẹ́ ni àbí ẹ̀gún ni wọ́n fi ń gún mi. N ò jẹ ẹran náà rí. N ò sì lè dà á nù, alágbe ni mò ń gbé e fún.

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fún Màmá ní ọmọ ajá tuntun, kékeré bíi ti ìṣáájú. Wọ́n ké sí mi tayọ̀tayọ̀. Ìwé ara firíìjì ti gbó, wọ́n ní kí n bá àwọn tún un kọ. Mo kọ kárọ́ọ̀tì, mo kọ ọ̀dùnkún. Nígbà tí mo dé orí àlùbọ́sà, báírò ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa mọ́. Màmá ní, "Ìlà méjì lo fà sábẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, fà á o, kí ìkà èèyàn kan má tún pa èyí fún mi."

Ohun tó wá fà á tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyí. Sátidé tó kọjá, bàbá arúgbó kan àti obìnrin kan wá láti Ibafo. Ọmọkùnrin wọn fẹ́ fẹ́ Sìmíátù. Ẹ̀yin náà mọ bí àṣà wa ṣe rí, a kì í fẹ́ ọmọ láìwádìí ilé tó ti jáde. Wọ́n gbọ́ pé ilé Màmá ni wọ́n gbé tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ṣe wá bèèrè irú èèyàn tí bàbá ọmọ náà jẹ́. Màmá ránṣẹ́ pè mí láti ọjà. Mo jókòó. N ò mọ ohun tí wọ́n bá wá.

Màmá ní, "Apajá ni. Ẹni tó lè fi májèlé fún ẹranko tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò lè fún èèyàn? Ẹni tó rí i rèé."

Bàbá arúgbó náà kọjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣé òótọ́ ni, Ìyá?"

Ibi tí ǹ bá ti sọ ọ́ nìyẹn. Ọlọ́run fi àyè náà lé mi lọ́wọ́ pátápátá. Mo ní, "Ó ti pẹ́ o, Bàbá." Wọ́n mi orí, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ní Túsìdeè, Sìmíátù pè mí lórí fóònù, ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Mọ́mì, àwọn ará ilé ọkọ mi ní àwọn gbọ́ nǹkan kan ní Mowe, pé ìgbéyàwó náà lè má ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n fẹ́ wá bá Dádì mi sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè. Dádì ní kí n pè yín. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá àwọn sọ irú èèyàn tí àwọn jẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ wá."

Mo ní, "Mò ń bọ̀." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Tí mo bá lọ, bàbá arúgbó yẹn á rí mi, á sì mọ̀ mí. Tí n ò bá lọ, ọmọ yẹn pàdánù ọkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ á sì kú pẹ̀lú orúkọ apajá. Tí mo bá sọ òótọ́, Màmá á mọ̀ pé ẹni tó pa Mílíìkì gan-an ni àwọn ní kó kọ ìwé oúnjẹ ajá tuntun. Mo ti ń dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà Màmá láti Túsìdeè, màá gbé ọwọ́ sókè kí n kan ilẹ̀kùn, ọmọ ajá yẹn á sáré wá láti inú, màá gbọ́ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí símẹ́ńtì, màá sì padà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ogún, ó ti bá mi. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún? Ṣé Màmá ni kí n tètè lọ bá, àbí kí n dúró di Sọ́ńdè kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sọ́ńdè.

Kí Sìmíátù tó gbé fóònù sílẹ̀, ó nu imú, ó fi ohùn kékeré sọ pé, "Mọ́mì, Dádì ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti fi ẹran Iléyá tiyín pamọ́. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò ní í tilẹ̀kùn jẹ ẹ́ mọ́, ẹ̀yin pẹ̀lú àwọn lẹ jọ máa jókòó jẹ ẹ́."